Wákàtí Kan Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Ó ti pẹ́ tí a ti ń fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kí a tètè mú gègé. Ìdí ìtìjú náà yóò hàn bí ẹ bá fi sùúrù bá wa dé ìsàlẹ̀ ìwé. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa pe àwa mẹ́fà tí a jọ ń gbé iyàrá kan jọ lẹ́yìn iṣẹ́ oko ọjọ́ Sátidé. Ó mú wa dé abẹ́ igi máńgòrò tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ní kí a jókòó, kí a má sọ̀rọ̀ fún odindi wákàtí kan, kí olúkúlùkù sì kọ gbogbo ohun tí ó bá gbọ́ sínú ìwé. A wo ojú ara wa. Nínú ọkàn wa, iṣẹ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni a pè é. Ìlú-Àbò kì í ṣe Èkó. Kí ni ó wà níbẹ̀ tí ènìyàn yóò fi wákàtí kan gbọ́? Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé a ti kọ tiwa tán: ẹyẹ, ọkọ̀, àwọn obìnrin ilé ìdáná, ewúrẹ́, afẹ́fẹ́, ọmọ tí ń sunkún. Ohun mẹ́fà péré. Ní ti àádọ́ta ìṣẹ́jú tí ó kù, oorun ni ọ̀kan nínú wa fi sùn. A kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín, nítorí òun náà wà lára àwọn tí ń kọ ìwé yìí.

Olùkọ́ wa ka ohun tí a kọ, kò sì bínú. Ó kàn bi wá léèrè pé, "Ẹyẹ wo?" A dákẹ́. "Ọkọ̀ tí ẹ kọ yìí, ṣé ó ń lọ sí Ọ̀wọ̀ ni, tàbí ó ń bọ̀ wá sí Àkúrẹ́?" A tún dákẹ́. "Ọmọ tí ń sunkún, ṣé ebi ni tàbí ìrora?" Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Ó ní, "Orúkọ àwọn nǹkan ni ẹ kọ. Ẹ kò tí ì gbọ́ ohunkóhun." Lẹ́yìn náà ni ó ṣàlàyé fún wa pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti òun. Olùkọ́ orin kan wà ní ilẹ̀ Kánádà, R. Murray Schafer, ẹni tí ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní Simon Fraser University ní nǹkan bí ọdún 1970, tí wọ́n ń fetí sí ìró ìlú àti ìró abúlé gẹ́gẹ́ bí onísègùn ti ń fetí sí àyà aláìsàn. Ó kọ ìwé ńlá kan lórí rẹ̀ ní 1977. Ní 1992 ó sì tún kó ọgọ́rùn-ún irú iṣẹ́ etí bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé kékeré kan fún àwọn olùkọ́. Ó kú ní 2021.

Kí a sọ òtítọ́, ọ̀ràn náà kọ́kọ́ dùn wá díẹ̀. A rò pé kò yẹ kí ó jẹ́ ará Kánádà ni yóò kọ́ ọmọ Yorùbá bí a ti ń fetí sílẹ̀. Èdè wa fúnra rẹ̀, etí ni gbogbo rẹ̀. Bí ohun tí ó wúwo bá já bọ́, a ní ó dún gbì. Kò sí ẹni tí yóò sọ bẹ́ẹ̀ nípa ewé. Ohun kékeré a ṣe róbótó, ohun ńlá a ṣe ròbòtò: ohùn òkè fún èyí tí ó kéré, ohùn ìsàlẹ̀ fún èyí tí ó tóbi, gan-an gẹ́gẹ́ bí omele ti ń ké tí ìlù ńlá sì ń kùn. Àwọn baba wa ti fetí sílẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àwa jogún ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wọn, a kò jogún etí.

Nítorí náà ni a ṣe padà síbẹ̀ ní Sátidé kejì, láìsí ẹni tí ó rán wa. Ọjọ́ náà ni a mọ̀ pé odó ní èdè tirẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́ta ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo, ọmọ odó wọn ń tẹ̀lé ara wọn láìkan ara wọn. Nígbà tí iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú odó, ohùn rẹ̀ gbẹ, kù, kù, kù, bí ẹni tí ń lu ilẹ̀. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ohùn náà di méjì: ọ̀kan nígbà tí ọmọ odó balẹ̀, èkejì nígbà tí ó ń já kúrò lára iyán tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ìyá tí ó jẹ́ olórí wọn kò tilẹ̀ wo inú odó. Ilá ni ó jókòó tí ó ń rẹ́. Ó kàn gbójú sókè, ó ní, "Kókó ṣì wà nínú rẹ̀ o." A sáré lọ wò ó, a sì bá kókó nínú rẹ̀ lóòótọ́. A ní, "Ìyá, báwo ni ẹ ṣe mọ̀?" Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ kò gbọ́ bí ó ti ń dún ni?" Ọdún méjì gbáko ni a ti fi ń jẹ iyán ìyá yìí.

Láti ọjọ́ náà lọ ni etí wa bẹ̀rẹ̀ sí í là. A rí ọkùnrin kan tí ń gé igi ní òdìkejì àfonífojì: àáké rẹ̀ á ti kan igi, á tilẹ̀ ti tún gbé e sókè, kí a tó gbọ́ gbọ̀ọ́. Gbogbo wa ni a ti kà á nínú ìwé pé ohùn ń rìn ní ìwọ̀n mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. A ti fi yege ìdánwò pàápàá. Ṣùgbọ́n a kò rí i pẹ̀lú ojú wa rí. A kà á, ó tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, a sì mọ̀ pé ọkùnrin náà jìnnà sí wa tó ìdá kan nínú mẹ́ta kìlómítà. A tún ṣàkíyèsí pé ní ìdájí a máa ń gbọ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ojú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n ti ń kọjá, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti mú, wọ́n á dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì dín kù lójú ọ̀nà. Olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wa ni ó tú u fún wa. Ní òru, afẹ́fẹ́ tí ó wà nílẹ̀ máa ń tutù ju ti òkè lọ, ohùn tí ó bá gòkè a sì tẹ̀ padà wá sílẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní ọ̀sán, ilẹ̀ ni ó gbóná, ohùn a sì tẹ̀ lọ sí òkè. Nísinsìnyí a lè fi etí mọ ọkọ̀ tí ó rù àti èyí tí ó ṣófo: èyí tí ó rù ń kérora, èyí tí ó ṣófo ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ní ti ọkọ̀ òfurufú tí ń balẹ̀ sí pápákọ̀ Àkúrẹ́ tí kò jìnnà sí wa, ariwo ni, a kò rí nǹkan kan kọ́ nínú rẹ̀.

Agogo kọ́lẹ́ẹ̀jì wa náà kò ṣàì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe agogo ní ti gidi. Irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni, tí a fi ṣéènì so kọ́ igi, tí a sì ń fi ọ̀pá irin lù. Àjèjì yóò ní ohùn kan ṣoṣo ni ó ní. Ṣùgbọ́n bí a bá lù ú ní etí, ohùn rẹ̀ a lọ sókè. Bí a bá lù ú ní ikùn, a sọ̀kalẹ̀. Ohùn méjì yìí ni àwọn tí ó ti jáde ṣáájú wa fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu. Agogo ìjí, wọ́n ní "Dìde, dìde" ni ó ń wí, ikùn kí ó tó kan etí. Agogo oúnjẹ, wọ́n ní "Ẹ̀bà, ẹ̀bà" ni, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ikùn nìkan ni a ń lù fún un. Agogo kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dùndún ni ó lè sọ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà lẹ́nu Yorùbá, nítorí pé onílù a máa fún ọsán tí ó so awọ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Bí ó bá fún un, awọ a le, ohùn a gòkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a sọ̀kalẹ̀. Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pàápàá kò dún bákan náà. Ẹni tí ó ti Ọ̀wọ̀ wá láàrin wa kì í pe ìlú rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ bí ó bá ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọ̀ghọ̀ ni ó ń pè é, pẹ̀lú ìró ọ̀nà ọ̀fun kan tí àwọn ará Oǹdó àti Ìkálẹ̀ ní, tí àwọn ará Ọ̀yọ́ kò ní. A ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún kìíní. Nígbà tí a fetí sí i dáadáa, a ṣíwọ́.

Ní òru ọjọ́ kan, iná mànàmáná lọ, ẹ̀rọ amúnáwá àwọn aládùúgbò náà sì dákẹ́ (ọpẹ́ ni fún ọ̀wọ́n epo). Láti inú igbó tí ó wà lẹ́yìn oko kòkó ni a ti gbọ́ ohun kan tí ń gbó bí ajá, léraléra, tí ohùn rẹ̀ sì ń le sí i. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdẹ nínú wa, ará Ìdànrè, ní ọ̀fàfà ni. Ẹranko kékeré ni, kò ju ológbò lọ, inú ihò igi ni ó ń gbé, òru ni ó sì ń jáde. Àwọn onímọ̀ sì ti fi hàn pé ìbátan erin ni, bí ó tilẹ̀ ṣòro láti gbà. Títí di àìpẹ́ yìí, àwọn onímọ̀ gbàgbọ́ pé irú kan náà ni gbogbo ọ̀fàfà tí ó wà ní àgbègbè wa títí dé àárín gbùngbùn Áfíríkà. Ní ọdún 2009 ni John Oates àti Simon Bearder wá sí Nàìjíríà, tí etí wọn sì gbọ́ pé ọ̀fàfà ìhín kò ké bí ti ibòmíràn. Èyí tí ó wà láàrin odò Volta àti Odò Ọya ń gbó; àwọn tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Volta àti ní ìlà-oòrùn Odò Ọya, ṣe ni wọ́n ń figbe ta. Àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé igbe 418 tí a ti gbà sílẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n wọn agbárí, wọ́n wo awọ, wọ́n yẹ ìran ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ní 2021 wọ́n kéde pé irú ọ̀tọ̀ gbáà ni tiwa, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dendrohyrax interfluvialis, èyí tí ó ń gbé láàrin odò méjì. Ọmọ ọdẹ yìí kò sùn mọ́ ní òru náà. Ó ní baba òun àti baba baba òun ti ń gbọ́ ohùn yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ré odò kọjá láti lọ gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni a gbọ́ ọ ní gbogbo sáà náà. Igbó ń dín kù, ẹran ọ̀fàfà sì dùn lọ́bẹ̀.

Nínú ilé ìsìn pàápàá, etí tuntun yìí kò jẹ́ kí a sinmi. Ẹ rántí pé orin Òyìnbó ni a gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ní ìgbà àwọn míṣọ́nárì àkọ́kọ́, ohùn orin a sì máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀. Bàbá tí ó wà ní ọ̀run, bí orin bá ti ìparí rẹ̀ sísàlẹ̀, a di bàbà tí a fi ń ṣe ògì. Ọ̀kan nínú wa jẹ́wọ́ pé nígbà tí òun wà ní ọmọdé, òun gbà pé àwọn Kristẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkà. Ẹni tí ó jà fún ọ̀ràn yìí jùlọ kò jìnnà sí agbègbè wa nípa ìran. T. K. E. Phillips ni, tí ó ń tẹ ohun èlò orin ní Kàtídírà ti Kristi ní Èkó láti 1914 títí di 1962, tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Baba rẹ̀ ni Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, ẹni tí ó dé ìlú Oǹdó ní 1877 láti wàásù, tí ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Ohun tí ọmọ náà ń wí ni pé kí orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ó rọrùn lójú, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò: bí ẹsẹ orin kìíní bá ti bá ohùn mu, ẹsẹ kejì yóò bà á jẹ́.

Ibi tí ìtìjú wà nìyí. Nígbà tí ó yá, a pín wa sí àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. A kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, nítorí pé àwa ni a ṣẹ̀, kì í ṣe ilé-ìwé. Ní kíláàsì kẹrin tí a fi lé wa lọ́wọ́, ọmọkùnrin kan wà tí kò tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bí a bá pè é, nígbà mìíràn a dáhùn, nígbà mìíràn a wò wá láìsọ̀rọ̀ tàbí kí ó máa wo ojú fèrèsé. Bí a bá pe àpèkọ, òun ni ó ń gbẹ̀yìn. A pè é ní olórí kunkun. A mú un kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, a sì gbé e lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá kí ó má baà ba àwọn yòókù jẹ́. Àwa tí a ń fi etí ṣe fáàrí káàkiri kọ́lẹ́ẹ̀jì ni a ṣe èyí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òjò ńlá dé bá wa lórí ìṣirò. Ẹ mọ bí òjò ti ń ṣe lórí páànù tí kò ní àjà. A kígbe títí ọ̀fun wa fi há. Àwọn ọmọ ń mi orí pé àwọn kò gbọ́. Nígbà tí ó sú wa, a kàn la ẹnu bí ẹni ń ṣeré, a bi wọ́n pé, "Méje lọ́nà mẹ́jọ?" Ọmọ kan dìde láti ẹ̀yìn, ó rìn wá síwájú, ó gba ẹfun, ó kọ 56 sára pátákó. Òun ni. A rò pé ó bá oríire pàdé. A tún bi í ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́fà?" Ó kọ 54. Gbogbo kíláàsì ń wò ó bí ẹni wo iwin, nítorí kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó gbọ́ ìbéèrè. Nígbà náà ni ọkàn kan sọ fún wa pé kí a kọjú sí pátákó, kí a sì bi í ní ìbéèrè kẹta. A kígbe rẹ̀. Nígbà tí a bojú wẹ̀yìn, ó dúró, ẹfun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń retí. Ara wa bù máṣọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà a gbé ìwé àpèkọ rẹ̀, èyí tí a ti fi gègé pupa bà jẹ́, a tún un yẹ̀ wò lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe rẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Níbi tí a pe ọkọ́, ó kọ ọkọ̀. Níbi tí a pe igbá, ó kọ ìgbà. Níbi tí a ní mu, ó kọ bu. Ẹ dúró níwájú dígí kí ẹ pe ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láìgbé ohùn jáde. Ẹ ó rí i pé bákan náà ni ètè ń ṣe. Ètè kò lè fi ohùn òkè hàn yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Ohun tí ó rí ni ó ń kọ, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ ní àkọyé. Ibi tí kò ti kọ ohunkóhun rárá, ibẹ̀ ni a ti ń rìn lọ sẹ́yìn kíláàsì bí a ti ń pè é.

A lọ sí ilé wọn ní ọjọ́ kejì. Ìyá rẹ̀ kí wa pé, "Ẹ káàbọ̀, tíṣà," ó sì gbé àga fún wa. Ó ní nígbà tí ọmọ náà tó ọmọ ọdún méjì, ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ púpọ̀, etí rẹ̀ sì ń ṣọyún lẹ́yìn náà. Ó ní òun kò mọ̀ pé kò gbọ́ràn tán, nítorí ojú òun ni ó máa ń wò bí òun bá ń bá a sọ̀rọ̀, òun sì rò pé ìwà ọ̀wọ̀ ni. A sọ fún un pé a ti mú ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀yin náà kò mọ̀, tíṣà." A kò rí èsì fún un. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tí ó yẹ̀ ẹ́ wò ní etí òsì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún ṣì ń gbọ́ díẹ̀, kí a sì mú un padà wá fún ìwòsàn. Láti ìgbà náà lọ, ìjókòó iwájú ní apá òsì ni a fi í sí, kí etí rẹ̀ ọ̀tún lè kọ sí wa, a sì fi òfin de ara wa pé a kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ sí pátákó. Òfin náà le ju bí a ti rò lọ. Lójoojúmọ́ ni a ń rú u, lójoojúmọ́ ni ọmọ náà sì ń gbé ọwọ́ sókè láti rán wa létí.

Ní ọjọ́ tí a ó kúrò níbẹ̀, ó tẹ̀ lé wa dé ìdí igi tí agogo ilé-ìwé wọn wà. Irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni tiwọn náà. Ó bi wá bí àwọn yòókù ti ń ṣe mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n dìde lọ sílé, nítorí ṣe ni òun máa ń wò wọ́n tí òun sì ń ṣe bí wọ́n ti ṣe. A fún un ní ọ̀pá irin. Ó lù ú ní ikùn, ó sì yára tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí ara irin náà kí ó tó dákẹ́. Ó wò wá. Ó tún lù ú, ó gbé iwájú orí rẹ̀ lé e, ó di ojú, kò sì gbé e kúrò títí irin náà fi sinmi. Ó ní, "Tíṣà, ó ń rìn nínú orí mi." Àwọn ọmọ kíláàsì yòókù ti tú jáde, wọ́n rò pé ìwé ti parí.